Ilé aláwọ̀ ìyeyè ní Sophiatown: ṣé wọ́n lé Gerard Sekoto nílùú ni, àbí òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde?

Tíṣà_Aláwòrán (Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kí ọjọ́ Ajé bá mi lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS3. Lọ́sẹ̀ yìí mo lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri kíláàsì, ẹ̀dà tí mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ní kafé. Gerard Sekoto, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló ya ojúlówó rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni Yellow Houses: A Street in Sophiatown. Àdúgbò kan ní Johannesburg ni Sophiatown. Ní 1940 ni Johannesburg Art Gallery ra àwòrán náà. Kí ó tó dìgbà náà, mùsíọ́mù yẹn kò tíì ra iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn dúdú kankan rí.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i: òpópónà eléruku ni, ilé kéékèèké tí oòrùn ń ràn mọ́ lára títí ògiri wọn fi rí bí ìyeyè tó pọ́n, ojú ọ̀run búlúù lókè. Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń sunkún. Àdúgbò kan ni ní ọjọ́ kan tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó lẹ́yìn, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, àwọn tó ń gbé inú ilé yìí ńkọ́?" Mo ní ìjọba wó àdúgbò náà, wọ́n kó wọn lọ síbòmíràn. Ó ní, "Ẹni tó yà á ńkọ́?" Mo ní wọ́n lé e nílùú, ilẹ̀ Faransé ló kú sí.

Nígbà tí mo dé yàrá àwọn olùkọ́, ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ ìtàn ní mo parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kò sẹ́ni tó lé Sekoto. Ó ní 1947 ló fúnra rẹ̀ lọ, ọdún kan gbáko kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé apartheid kalẹ̀, òfin tó ya èèyàn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, tó gba ìjọba. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni ọdún tó dá. Síbẹ̀ ara mi kò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Ẹ gbà mí. Kí la ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lédè wa? Ọjọ́ Ajé ni mo tún máa dúró níwájú wọn.

Ọ̀rọ̀_Ò_Tán (Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́)

Tíṣà, ẹ má bínú sí mi, ẹlẹgbẹ́ yín ló jàre.

Sekoto fẹ́ lọ sí Paris ni. Ó ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, ó tà, owó rẹ̀ ló fi lọ. Ernest Mancoba, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe tíṣà ní ilé ìwé Khaiso, ti ṣáájú rẹ̀ lọ láti 1938. Nígbà yẹn, ibi tí gbogbo ayàwòrán ayé ń wò nìyẹn, bí ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìlù ṣe máa ń wo ilé Àyàn. Ẹni tó lọ wá ìmọ̀ kún ìmọ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n lé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn kan wà tí wọ́n lé lóòótọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n fún ní ìwé pé tí ẹ bá jáde, ẹ ò gbọdọ̀ padà. Tí a bá mú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiwọn fún ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí la máa wá pe tiwọn?

Mama_Dúgbẹ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 6:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀_Ò_Tán, mo fẹ́ràn bí o ṣe ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ṣé ìgbà tí ọlọ́pàá bá gbá ìlẹ̀kùn nìkan ni wọ́n ń lé èèyàn?

Wọ́n bí Sekoto ní Botshabelo, ibùdó àwọn míṣọ́nnárì Luther nítòsí Middelburg, ní December 1913. Lọ́dún 1913 yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin ilẹ̀ tó ní èèyàn dúdú kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ àyàfi láàárín nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ ọwọ́ ni, wọ́n ti sọ ibi tí kò lè gbé fún un. Ó dàgbà, ó di tíṣà, ó wá sí Johannesburg, ó bá ìlú tí ọkùnrin dúdú ti gbọ́dọ̀ mú páàsì, ìwé àṣẹ ìrìn, lọ́wọ́ kó tó lè rìn ní títì. Tí ọlọ́pàá bá bèèrè tí kò bá sí lápò, àtìmọ́lé ni. O wá ní kò sẹ́ni tó lé e.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sílé díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi máa ń ra ìwé ìròyìn Drum tó ń jáde ní Èkó. Gúúsù Áfíríkà ni Drum ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ọ́ ní Johannesburg sì mọ Sophiatown bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ezekiel Mphahlele, tí wọ́n wá ń pè ní Es'kia. Ìjọba gba iṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó tako ètò ẹ̀kọ́ Bantu tí wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọ dúdú di ẹrú oníwèé. Ní 1957 ó wá sí Èkó, ó kọ́ni ní CMS Grammar School, ó bọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tó dá Mbari Club, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1961, níbí ní Dúgbẹ̀ wa. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sin òun náà dé ẹnubodè. Wọ́n kàn gba ìjẹ lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi wo ìta. Ṣé àwa ará Ìbàdàn máa wá sọ pé ìgbafẹ́ ló wá ṣe lọ́dọ̀ wa?

Jozi_Ọmọ_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Ẹtì, 1:25 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kúuṣẹ́, Mama. Ọdún kọkànlá mi rè é ní Johannesburg, mo sì máa ń gba Sophiatown kọjá lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí àwòrán yẹn kì í ṣe ìtàn àtijọ́ fún èmi. Ojú ọ̀nà mi ni.

Apá ìwọ̀ oòrùn ìgboro ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hermann Tobiansky ló ra ilẹ̀ náà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Sophia, sọ àdúgbò náà, ó sì fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sọ àwọn òpópónà: Toby, Gerty, Bertha, Edith. Àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ gbé ibẹ̀ torí ibi ìdàgbẹ́sí ìlú wà nítòsí. Bó ṣe di ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ ní Johannesburg tí èèyàn dúdú ti lè ra ilẹ̀, kí ìwé ilẹ̀ sì wà lórúkọ ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ìwé ilẹ̀. Kì í ṣe àgọ́ tí wọ́n pa sílẹ̀. Onílé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi yàrá ẹ̀yìnkùlé gba ayálégbé.

Òpópónà Gerty ni Sekoto gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà tó dé. Mo ti rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ náà ṣì wà lára òpó. Ilé tó ya ni kò sí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù February 1955 ni wọ́n wọlé. Nǹkan bí 2,000 ọlọ́pàá tó dira ogun. Ọjọ́ tí ìjọba kéde tẹ́lẹ̀ kò tíì pé, wọ́n yọ́ wá ṣáájú kí àwọn èèyàn má baà ráyè kóra jọ. Wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ nínú òjò, wọ́n ń gbé wọn lọ sí Meadowlands. Ọdún bíi márùn-ún ni wọ́n fi ń kó wọn, títí àwọn tó lé ní 60,000 fi lọ tán. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣà wọ́n. Àwọn tó ti ń bára wọn gbé látọjọ́ pípẹ́: èèyàn dúdú lọ sí Meadowlands, àwọn tí wọ́n pè ní Coloured, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun pò mọ́ra lára wọn, lọ sí Eldorado Park, àwọn ará Íńdíà lọ sí Lenasia. Alábàágbé tó ń yá ara wọn níyọ̀, ó di ìlú mẹ́ta.

Wọ́n wó ilé tán, wọ́n kọ́ òmíràn fún àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n wá sọ ibẹ̀ ní Triomf. Ìṣẹ́gun ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Afrikaans. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni àwọn yẹn wò? 2006 ni orúkọ Sophiatown tó padà.

Ohun tó ṣẹ́kù kò pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Christ the King wà ní òpópónà Ray, níbi tí àlùfáà Trevor Huddleston ti ń pariwo lé ìjọba lórí. Ilé dókítà Xuma, tó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ANC rí, wà ní Toby Street, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìtàn báyìí. Tí ẹ bá dúró níwájú ilé yẹn ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, oòrùn máa ń bá ògiri wí lọ́nà tó jẹ́ pé, Tíṣà, ẹ ò ní bèèrè mọ́ ibi tí Sekoto ti rí ìyeyè rẹ̀.

Arẹ̀mú_Ìkirè (Ọjọ́ Ẹtì, 1:51 ọ̀sán)

Níbo lèèyàn ti lè rí àwòrán náà báyìí?

Oníbúrọ́ọ̀ṣì (Ọjọ́ Ẹtì, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Arẹ̀mú, tẹ orúkọ tí Tíṣà kọ sókè yẹn sórí Google, á jáde. Má fi fóònù kékeré wò ó o. Wá kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀.

Ọ̀dà ni iṣẹ́ tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dà. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán yìí máa ń fi ìwólulẹ̀ 1955 wò ó, bí ẹni pé Sekoto ti mọ̀. Kò mọ̀. Ó kù bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó yà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 26 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní abúlé, ó wọ ìlú ńlá, gbogbo nǹkan sì ń wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ wo bó ṣe fi ìyeyè sí ẹ̀gbẹ́ búlúù láìfi àwọ̀ kankan là wọ́n. Ẹni tó ń bẹ̀rù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń káàánú àdúgbò náà ì bá ti fi eérú là á.

Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kọ pátákó ìpolówó ló kọ́kọ́ ń lò, lórí bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń di ẹrù. Bébà tí ìyá olóúnjẹ máa fi pọ́n nǹkan fún ẹ. Obìnrin ayàwòrán kan, Judith Gluckman, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò. Brother Roger Castle tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà ní St Peter's, Rosettenville, náà ràn án lọ́wọ́. Orí páálí ló ya Yellow Houses sí, kì í ṣe aṣọ kánfáàsì. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tó bá ń yọ mí lẹ́nu pé kò sí kánfáàsì: orí páálí lọkùnrin kan ya èyí tó wọ mùsíọ́mù sí.

Ìtàn kan tún ń lọ káàkiri, pé nígbà tí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí gálárì, ó ní láti ṣe bí ẹni tó wá gbálẹ̀ kó tó lè wọlé lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Tíṣà, ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀_Ò_Tán (Ọjọ́ Ẹtì, 5:18 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Oníbúrọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀ yín, tí Tíṣà bá máa sọ ọ́, kó fi "wọ́n ní" síwájú rẹ̀. Ìtàn tó dùn máa ń tètè dàgbà. Èyí tó dájú ti tó: wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sínú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn aláwọ̀ funfun, òun fúnra rẹ̀ sì padà sí ọ̀kan nínú àdúgbò díẹ̀ tí wọ́n ti gba àwọ̀ tirẹ̀ láyè. Kò nílò iyọ̀.

Mama, ẹ ti bá mi wí, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i kí n tó fèsì.

Àbíkẹ́_Lyon (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:07 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin ń sọ ti ìlú tó fi sílẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó bèèrè ohun tó rí níbi tó lọ. Ilẹ̀ Faransé ni mo wà láti ọdún kẹtàdínlógún sẹ́yìn, nítorí náà ibẹ̀ ni ọkàn mi lọ.

Ẹ má rò pé Paris na ọwọ́ méjèèjì sí i. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Dùùrù ló ń tẹ̀ nílé ọtí lálẹ́ kó tó rí owó oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn ilé ọtí náà ni L'Échelle de Jacob. Láàárín ọdún díẹ̀ ìdààmú ọkàn gbé e dé ilé ìwòsàn Sainte-Anne, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹni tí ìyeyè rẹ̀ ń tàn lára ògiri ní Johannesburg, òun ló dùbúlẹ̀ ní yàrá ilé ìwòsàn nílùú òtútù, kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n, èdè Faransé kò tíì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn kan níbí lọ́dún kẹta mi, ohun tí mo gbàdúrà fún jù ni kí ẹnì kan bá mi sọ "pẹ̀lẹ́". "Pẹ̀lẹ́" lásán.

Ó dìde ṣá. Ó padà sídìí ọ̀dà, ó sì ń kọ orin pẹ̀lú. Orin 29 ló kọ, ọ̀pọ̀ wọn lórí àárò ilé. Ní 1966 ó lọ sí àjọ̀dún ọnà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé ní Dakar, òun àti Wilson Tiberio, ayàwòrán ará Brazil, wọ́n sì dúró ní Sẹ̀nẹ̀gàl fún nǹkan bí ọdún kan, ní agbègbè Casamance. Ibi tó súnmọ́ ilé jù nìyẹn, ilé ṣì jìnnà.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá Ọ̀rọ̀_Ò_Tán sọ̀rọ̀ nìyí, àbúrò mi, má bínú. Èmi náà fẹsẹ̀ ara mi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Owó mi ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tó bá di December, tí mo bá rówó, mo lè lọ jókòó sí ẹ̀bá ìyá mi ní Ìkòròdú kí n máa ṣa ẹ̀wà. Àjò kò dùn kí onílé má relé: ohun tí òwe yẹn kò sọ ni pé ilé gbọ́dọ̀ ṣì wà, ọ̀nà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ là. Ọ̀nà tèmi là. Kí ni Sekoto fẹ́ padà sí ní 1956? Òpópónà Gerty tí wọ́n ń wó lọ́wọ́? Cape Town tó ti gbé ní District Six láti 1942 wọ 1945? Wọ́n kéde ibẹ̀ náà ní ti aláwọ̀ funfun ní 1966, wọ́n sì wó o. Àdúgbò méjì tó fi ọ̀dà rẹ̀ yà, wọ́n fi katakata pa méjèèjì rẹ́.

Oníbúrọ́ọ̀ṣì (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:40 ọ̀sán)

Àǹtí Àbíkẹ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Èyí tó ya láàárín 1939 sí 1947 ló ga jù lọ. Ẹ wo Song of the Pick, àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó to lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n gbé dígà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀gá wọn aláwọ̀ funfun dúró lẹ́yìn bí ẹni tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Ẹ wo Sixpence a Door. Eastwood, ní Pretoria, ló ti ya méjèèjì, nílé ìyá rẹ̀, ní kété kó tó lọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ya ní Faransé, ìrántí ló fi ń ya ìlú. Obìnrin tó ru ẹrù, ilé, òpópónà, léraléra. Búlúù bo gbogbo rẹ̀. Ìyeyè yẹn kò padà wá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kú. Ayàwòrán tó ń ya òpópónà gbọ́dọ̀ máa bá òpópónà pàdé láràárọ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àbíkẹ́_Lyon (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:15 ọ̀sán)

Mi ò gbà tán o. Ẹ lọ wo àwọn obìnrin Casamance tó yà lẹ́yìn Dakar kí ẹ tó ní ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ṣùgbọ́n lórí òpópónà tí a gbọ́dọ̀ bá pàdé láràárọ̀, mo fara mọ́ ọn. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo gbìyànjú láti rántí àwọ̀ tí wọ́n kun géètì ilé tó dojú kọ tiwa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò rántí mọ́.

Ọ̀rọ̀_Ò_Tán (Ọjọ́ Àìkú, 8:55 alẹ́)

Mo ti ronú, mo sì ti kà sí i. Mo padà lẹ́yìn apá kan ọ̀rọ̀ mi, mo dúró ti apá kan.

Èyí tí mo dúró tì: ní 1947, kò sẹ́ni tó lé e. Ẹ má kó ìrìn àjò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fẹ́ lọ, òun ló lọ, ó sì yẹ kí ọmọ JSS3 mọ̀ pé èèyàn dúdú kan ní 1947 ní ohun tó fẹ́ láyé, ó sì gbéra lọ wá a. Tí a bá ní wọ́n lé e, a ti sọ ọ́ di ẹrù tí ẹlòmíràn ń gbé kiri.

Èyí tí mo padà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀rọ̀ kò dúró sí 1947. Ọdún kejì, wọ́n dìbò tí èèyàn dúdú kò lọ́wọ́ sí, àwọn apartheid wọlé. 1955, wọ́n wó Sophiatown. 1960, ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn 69 ní Sharpeville torí wọ́n ń tako òfin páàsì. Ní gbogbo ìgbà yẹn Sekoto jókòó síbi kan náà ní Paris, kò ṣẹ ìjọba náà ní nǹkan kan. Ó kàn ń ya àwòrán. Ìlú ni ó ń sún kúrò lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹni tó jáde lọ kọ́ṣẹ́ fi di ẹni tí wọ́n lé, láì dìde lórí àga tó wà.

Tíṣà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gba gbogbo èyí. Ìsáǹsá kọ́, kò sá. Àtìpó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n àtìpó lè di ẹrù rẹ̀ lọ́la kó máa lọ sílé.

Mama_Dúgbẹ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́)

O káre, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá ọ ṣe é.

Kò ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Nílé wa, bí wọ́n bá ń sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní "ó jáde, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ ọn sẹ́yìn". Kí Tíṣà sọ méjèèjì fún wọn: ẹni tó jáde, àti àwọn tó ti ilẹ̀kùn. Kó má fo ọ̀kankan.

Jozi_Ọmọ_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Àìkú, 9:48 alẹ́)

Kí Tíṣà tó sùn, kó fi èyí kún un. Ní 1989 Johannesburg Art Gallery, mùsíọ́mù kan náà, ṣe ìpàtẹ ńlá fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, Yunifásítì Witwatersrand sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Àwòrán rẹ̀ ti wà nílé láti 1940, òun kò padà. Ogúnjọ́ oṣù March 1993 ló kú ní Nogent-sur-Marne, lẹ́bàá Paris. Oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn dúdú tó dìbò. Ọdún bíi 46 ló lò níta.

Tíṣà_Aláwòrán (Ọjọ́rú, 7:33 alẹ́)

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mama, ẹ kú àdúrótì.

Mo ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé ohun tí mo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò pé. Mo kọ ọdún mẹ́ta sára pátákó, 1947, 1955 àti 1993, mo wá sọ ohun tó wà láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe tò ó: ẹni tó jáde, àti àwọn tó ti ilẹ̀kùn. Ìtàn ẹni tó wá gbálẹ̀ ní gálárì, mo fi "wọ́n ní" sí i. Ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ ìtàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó wá yá àwòrán náà lọ́wọ́ mi fún kíláàsì tirẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún wọn ni kí kálukú ya òpópónà tó ń gbé, bó ṣe rí gan-an. Kò ní láti rẹwà. Mo ní tí kò bá sí bébà iṣẹ́ ọnà, kí wọ́n yà á sí ẹ̀yìn páálí bísíkíìtì.

Ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn mú tirẹ̀ wá lónìí. Ẹ̀yìn páálí núdù ló yà á sí. Gọ́tà wà níbẹ̀, ìyá alákàrà wà níbẹ̀, ọ̀kadà kan tí wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fi pẹ́ńsù kọ nǹkan wẹ́wẹ́ sí abẹ́ fèrèsé ilé kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e súnmọ́ ojú. Orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé náà ni, láti orí bàbá dé orí ọmọ ọwọ́, àti ayálégbé. Mo ní kí ló dé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà bèèrè pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ńkọ́.

Oníbúrọ́ọ̀ṣì (Ọjọ́rú, 7:41 alẹ́)

Tíṣà, mo ní páálí líle mẹ́fà àti ọ̀dà olómi tí mi ò tíì ṣí. Ìyeyè wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, kí n mọ ibi tí màá fi í ránṣẹ́ sí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ sì sọ fún un pé pẹ́ńsù máa ń pa rẹ́. Kó fi bírò tẹ̀ lé orúkọ wọ̀nyẹn.